Bí Kòkòrò Amoje Ṣe Ń Gbé Fáírọ́ọ̀sì Kiri Láàárín Irúgbìn Oníhóró: Àpẹẹrẹ Àrùn Onílà ti Àgbàdo

Ìfáárà

Àrùn onílà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ó ń ba àgbàdo jẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ara ewé ni a ti ń dá a mọ̀. Ewé àgbàdo tí ara rẹ̀ dá máa ń tutù yọ̀yọ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n èyí tí àrùn yìí bá mú máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè, tí ó tẹ̀lé iṣan ewé gbọnrangandan, àfi bí ẹni pé olóòlà fi abẹ kọ ọ́ nílà. Ibi tí ìlà náà bá gbà kọjá ti pàdánù àwọ̀ ewé rẹ̀, kò sì lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún igi àgbàdo mọ́. Bí àrùn náà bá mú àgbàdo ní kété tí ó hù, igi náà kì í ga, ó sì lè má yọmọ rárá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí àgbàdo ti dàgbà ni ó mú un, ìpalára rẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ó bá bá irú èyí pàdé nínú oko rẹ̀ lè fura sí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, ó lè fura sí ọ̀dá òjò, ó sì lè di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ta irúgbìn fún un. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó jẹ̀bi. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn onílà, kòkòrò kékeré kan tí ń mu oje ewé ni ó sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà wọ oko. Àlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ yìí. Kókó rẹ̀ ni pé ibi tí fáírọ́ọ̀sì ń fara pamọ́ sí nínú ara kòkòrò, àti iye àkókò tí ó fi ń wà níbẹ̀, ni ó ń pinnu bí àrùn yóò ṣe tàn ká àti ohun tí agbára àgbẹ̀ ká láti ṣe sí i. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè ná owó gọbọi lórí oògùn tí kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ìdí tí fáírọ́ọ̀sì ewéko fi nílò aláàrù

Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìyẹ́, kò sì lè dá rìn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìtọ́ni bí a ó ṣe ṣe ẹ̀dà rẹ̀, èèpo purotéènì ni a sì fi bo ìtọ́ni náà. Bí ó bá wà ní ìta, kò lè jẹun, kò lè mí, kò sì lè bí sí i. Ìgbà tí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ohun alààyè nìkan ni ó tó lè fi irinṣẹ́ onílé sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọ ara ènìyàn pọ̀: èémí wà, ikọ́ wà, ọwọ́ tí a fi kanra náà wà. Ọ̀rọ̀ ewéko yàtọ̀ sí èyí. Odi líle ni ó yí sẹ́ẹ̀lì ewéko kọ̀ọ̀kan ká, ìda fẹ́lẹ́ sì bo ojú ewé látòkè. Igi àgbàdo kì í rìn lọ kí ẹnìkejì rẹ̀. Igi méjì tí ó dúró sórí ebè kan náà lè fi ewé gbo ara wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí àrùn onílà má ràn láti ara ọ̀kan sí èkejì. Hóró àgbàdo kì í gbé àrùn yìí lọ sí ọdún tí ń bọ̀. Ilẹ̀ kì í gbé e. Ọkọ́ àti àdá tí àgbẹ̀ ń lò kì í sì í gbé e. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gún odi náà ní ihò, tí yóò sì gba ojú ihò náà fi fáírọ́ọ̀sì sínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣì wà láàyè, ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà ni yóò kú sí.

Kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì irúgbìn oníhóró ni ó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ń sọ ewé ìrẹsì di aláwọ̀ ìyeyè tóótòòtó ní Áfíríkà, tí a kọ́kọ́ rí ní Kenya ní ọdún 1966, lè ti ẹnu kòkòrò tí ń fi eyín gé ewé jẹ wọ ara ìrẹsì, ó sì lè ti ara ọ̀bẹ àti ọwọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì irúgbìn oníhóró, ìyẹn àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, jéró, àlìkámà àti báálì, ni ó gbára lé kòkòrò tí ń mu oje. A lè fi kòkòrò bẹ́ẹ̀ wé aláàrù inú ọjà. Aláàrù kò ni ẹrù, kò sì bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Oúnjẹ ni kòkòrò ń wá kiri. Ibi tí ó ti ń wá oúnjẹ ni ó ti ń ru ẹrù ẹlẹ́rù.

Ẹnu tí ó dà bí abẹ́rẹ́

Oríṣi kòkòrò amoje méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni áfíìdì, kòkòrò kékeré oníkùn ràbàtà tí ó máa ń ṣùpọ̀ sí abẹ́ ewé àti sínú ọ̀mùnú àgbàdo. Èkejì ni àwọn tí ń fò fẹ̀ẹ́ láti orí ewé kan sí òmíràn bí a bá fọwọ́ kan ewé náà. Inú ẹ̀yà kejì yìí ni Cicadulina wà, òun sì ni aláàrù àrùn onílà. Cicadulina kò gùn ju bíi mílímítà 3 lọ, nítorí náà ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo ewé lè má rí i.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò ní eyín tí wọ́n lè fi gé ewé. Ohun tí ó wà ní ẹnu wọn ni abẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n sì so pọ̀ bí ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú àpapọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ni ihò méjì wà. Ọ̀kan ni kòkòrò ń gbà tu itọ́ sínú ewé. Èkejì ni ó ń gbà fa oje wá sí ikùn ara rẹ̀. Bí ó bá bà sórí ewé, yóò kọ́kọ́ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún un díẹ̀ láti tọ́ ọ wò. Bí adùn rẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ki abẹ́rẹ́ náà wọlé títí yóò fi kan iṣan tí oje aládùn ń ṣàn gbà, yóò sì jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀.

Ohun méjì ni ó mú kí irú ẹnu yìí wúlò fún fáírọ́ọ̀sì. Èkínní ni pé ihò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì tí a gún kì í kú. Tata tí ó bu ewé jẹ ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó bá gé, fáírọ́ọ̀sì kò sì lè bí sí i nínú òkú sẹ́ẹ̀lì. Èkejì ni pé itọ́ ń jáde bí oje ṣe ń wọlé. Ẹnu kan náà ni kòkòrò fi ń gbà, òun náà ni ó fi ń fún ni.

Ọ̀nà mẹ́rin tí a ń gbà ru ẹrù náà

Ní ọdún 1939, Marion Watson àti Roberts ní England fi hàn pé a lè fi iye àkókò pín àwọn fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò ń gbé sí ìsọ̀rí. Àwọn kan wà tí kì í pẹ́ lára kòkòrò rárá. Àwọn mìíràn wà tí ó ń bá a gbé pẹ́ títí. Ìwádìí àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ti sọ ìsọ̀rí náà di mẹ́rin.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti fáírọ́ọ̀sì tí ó ń lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ẹnu. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó kí áfíìdì gbé e, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ti tó kí ó fi sílẹ̀ sára ewé mìíràn. Lẹ́yìn tí ó bá ti gún ewé bíi mélòó kan, ẹrù náà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Báyìí ni fáírọ́ọ̀sì àbàwọ́n ìrèké, tí ó máa ń mú àgbàdo pẹ̀lú, ṣe ń tàn. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé áfíìdì tí kò fẹ́ràn àgbàdo pàápàá lè gbé e, nítorí pé ìtọ́wò lásán ti tó. Kòkòrò náà lè kọ oúnjẹ náà, kí ó fò lọ, ṣùgbọ́n kí ó ti fi àrùn sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti fáírọ́ọ̀sì tí ó ń wọlé dé ọ̀nà ọ̀fun, tí ó sì ń dì mọ́ ara ògiri ibẹ̀. Kòkòrò lè gbé irú èyí fún wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Bí kòkòrò tí ń dàgbà bá bọ́ awọ, ògiri ọ̀fun náà a bá awọ lọ, fáírọ́ọ̀sì a sì bá a lọ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, fáírọ́ọ̀sì kan tí ó ń sọ àgbàdo di aràrá wà ní ìsọ̀rí yìí, kòkòrò tí a ń pè ní Graminella nigrifrons ni ó sì ń gbé e.

Ọ̀nà kẹta ni ti fáírọ́ọ̀sì tí ó ń la inú kòkòrò kọjá. Yóò bá oje wọ ìfun, yóò la ògiri ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò, yóò sì ti inú ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí itọ́ ti ń sun. Láti ìgbà náà lọ, itọ́ gbogbo tí kòkòrò bá tu ni fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Ìrìn àjò yìí gba àkókò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti parí, kòkòrò náà lè di agbárùn títí dé òpin ayé rẹ̀. Bíbọ́ awọ kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìsọ̀rí yìí ni àrùn onílà ti àgbàdo wà. Ibẹ̀ náà ni àrùn tí ń sọ báálì di aràrá aláwọ̀ ìyeyè wà, èyí tí Oswald àti Houston ṣàpèjúwe ní California ní ọdún 1951, tí áfíìdì sì ń gbé.

Ọ̀nà kẹrin kọjá ti aláàrù. Nínú èyí, fáírọ́ọ̀sì ń bí sí i nínú ara kòkòrò gan-an, bí ó ti ń bí sí i nínú ewéko. Ẹlòmíràn nínú wọn tún ń gba inú ẹyin kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ní ọdún 1933, Teikichi Fukushi ní Japan fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì tí ń sọ ìrẹsì di aràrá ń ti ara ìyá kòkòrò wọ inú ẹyin rẹ̀. Ọmọ kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè ru ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé rí, àjogúnbá ni.

Bí a ṣe mọ ẹni tí ń gbé àrùn onílà

Ní ọdún 1901 ni Claude Fuller ṣàpèjúwe àrùn yìí ní Natal, ní gúúsù Áfíríkà. Ó rí ìlà ara ewé kedere, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó di ẹ̀bi rù. Ó lé ní ogún ọdún kí a tó rí ẹlẹ́bi gan-an. Láti ọdún 1924 ni H. H. Storey ti ń fi àyẹ̀wò hàn pé Cicadulina mbila ni ó ń gbé àrùn náà láti ara àgbàdo kan sí òmíràn. Nígbà tí ó yá, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Amani, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tanzania lónìí, níbi tí ó ti ṣe àwọn ìwádìí tí a ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní.

Storey wọn àkókò ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí ewé aláìsàn lè tó kí kòkòrò gbé fáírọ́ọ̀sì náà. Ṣùgbọ́n kòkòrò kò lè fi ran ewé mìíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá móoru dáadáa, ó tó wákàtí 6 sí 12 kí ó tó lè ràn án, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti inú ìfun dé ibi itọ́ ná. Lẹ́yìn èyí, bíi ìṣẹ́jú 5 tí kòkòrò bá fi mu oje ti tó láti kó àrùn ran àgbàdo tí ara rẹ̀ dá.

Ohun ìyanu mìíràn tún fara hàn. Nínú ẹ̀yà kòkòrò kan náà, àwọn kan wà tí ó ń ran àrùn, àwọn kan sì wà tí kò lè ràn án bí ó ti wù kí wọ́n pẹ́ lórí ewé aláìsàn tó. Ní ọdún 1932, Storey mú akọ àti abo láti inú ẹgbẹ́ méjèèjì, ó mú kí wọ́n gun ara wọn, ó sì rí i pé ìwà yìí ń ti ara òbí dé ara ọmọ, bí àwọ̀ ojú ṣe ń ṣe láàárín ènìyàn. Ní ọdún 1933, ó mú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, ó fi gún ìfun àwọn kòkòrò tí kò lè ran àrùn lẹ́yìn tí wọ́n ti mu oje ewé aláìsàn. Àwọn tí kò lè ran àrùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án. Èyí fi hàn pé ògiri ìfun ni ẹnubodè. Bí fáírọ́ọ̀sì bá rí i là kọjá, kòkòrò á di agbárùn. Bí kò bá rí i là, inú ìfun ni yóò parí sí.

Ní ọdún 1974, ní Kenya, Bock àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ya fáírọ́ọ̀sì náà sọ́tọ̀ kúrò nínú oje ewé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Wọ́n rí i pé ó máa ń wà ní méjì-méjì, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìdílé fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn geminivirus, wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ìbejì. Ìtọ́ni DNA inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí lẹ́tà 2,700 lọ. Ohun tí ó kéré tó báyìí ni ó lè sọ odidi oko di asán.

Igi àgbàdo pàápàá máa ń sọ ọjọ́ tí àrùn mú un. Ewé tí ó ti là tán kí kòkòrò tó gún igi náà kì í ní ìlà. Àwọn tí ó bá yọ lẹ́yìn ìgbà náà ni ó máa ń ní in. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé oko, tí ó rí igi tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, tí ti òkè sì lá ìlà, kí ó mọ̀ pé ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí àkókò tí kòkòrò dé. Bí gbogbo ewé bá ní ìlà láti ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tí àgbàdo hù gan-an ni kòkòrò ti ń dúró dè é.

Inú koríko ni fáírọ́ọ̀sì ń gbé

Bí hóró kò bá gbé fáírọ́ọ̀sì, tí ilẹ̀ kò sì gbé e, ibo ni ó máa ń wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí àgbàdo nínú oko? Koríko ni ìdáhùn. Ìdílé koríko ni àgbàdo fúnra rẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì. Àwọn koríko tí ń hù sí ẹ̀bá oko àti ẹ̀bá ọ̀nà, irú eéran àti gbégi, wà lára àwọn tí fáírọ́ọ̀sì onílà lè gbé inú wọn. Cicadulina náà fẹ́ràn koríko. Orí rẹ̀ ni ó ti ń yé ẹyin, tí ó sì ń pọ̀ sí i.

Ìtàn tí ó wà nídìí èyí gùn. Àjèjì ni àgbàdo nílẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Mexico ni a ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di irúgbìn oko, ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù ni ó sì gbà dé Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1500. Fáírọ́ọ̀sì onílà ní tirẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà ni. Inú koríko ni ó wà kí àgbàdo tó dé. Ìwádìí lórí DNA rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀yà tí ó ń pa àgbàdo lára gan-an lónìí jáde láti inú ìdàpọ̀ ẹ̀yà méjì tí ń gbé inú koríko, àti pé ó jọ pé ìgbà tí ó wà láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni ìdàpọ̀ náà wáyé ní gúúsù Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé irúgbìn ni ó gbé àrùn yìí wá láti òkè òkun ti ṣi ìtàn náà sọ. Àlejò ni àgbàdo. Onílé ni ó kó àrùn ràn án.

Èyí náà ni ó ṣàlàyé ìdí tí àgbàdo òjò àrọ̀kúrò fi máa ń jìyà àrùn onílà ju ti òjò àkọ́rọ̀ lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, kòkòrò kò tíì pọ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, koríko a gbilẹ̀, kòkòrò a bí sí i, àgbàdo àkọ́kọ́ tí àrùn ti mú a sì di orísun tuntun. Nígbà tí àgbàdo kejì yóò fi hù, aláàrù ti pọ̀, ẹrù náà sì ti wà lórí wọn. Bí koríko àti àgbàdo àkọ́kọ́ bá ń gbẹ, kòkòrò a gbéra láti wá ewé tútù lọ. Àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni wọn yóò bá pàdé, ní àkókò tí ara rẹ̀ kò lè gba ìyà.

Iṣẹ́ tí a ṣe ní Ìbàdàn

Ní ọdún 1967 ni a dá ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún tí ó wà láàárín 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ gbìyànjú láti rí àgbàdo tí ó lè fara da àrùn onílà. Ìṣòro kan wà níwájú wọn. Bí a bá gbin oríṣiríṣi àgbàdo sínú oko, tí a wá ń dúró de kòkòrò kí ó wá fúnra rẹ̀, ọdún kan yóò wà tí kòkòrò yóò pọ̀, òmíràn yóò sì wà tí kò ní wá. Àgbàdo tí ó yè lè jẹ́ alágbára; ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò kò kàn bà lé e ni. Kò sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Storey fi sílẹ̀ ni ó yọ wọ́n. Soto, Buddenhagen àti Asnani, tí wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1982, ṣàlàyé bí a ṣe lè sin Cicadulina lọ́pọ̀ yanturu nínú àgò, kí a jẹ́ kí wọ́n mu oje ewé aláìsàn, kí a sì pín wọn sórí àgbàdo kéékèèké ní ọkọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ọgbọ́n yìí, kò sí igi kan tí ó lè sọ pé òun kò pàdé àrùn. Èyí tí ó bá là á já, agbára ara rẹ̀ ni ó fi là á. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú irúgbìn lára rẹ̀, tí wọ́n fi bá àwọn oríṣi tí ń so dáadáa lò pọ̀. Báyìí ni a ṣe rí àwọn àgbàdo tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TZSR, funfun àti aláwọ̀ ìyeyè. Àwọn àgbàdo láti erékùṣù Réunion náà wà lára àwọn tí a ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1986, IITA gba ẹ̀bùn King Baudouin nítorí iṣẹ́ yìí.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ agbára náà yé ni. Àgbàdo tí ó lè fara da àrùn kì í ṣe àgbàdo tí kòkòrò kì í gún. Kòkòrò ń gún un, fáírọ́ọ̀sì sì ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rí ààyè pọ̀ sí i bí ó ti fẹ́. Ìlà lè fara hàn lára ewé, ṣùgbọ́n kì í pọ̀, igi náà a sì yọmọ. Jíìnì kan tí ó wà lórí kúrómósómù kìn-ín-ní àgbàdo ni ó ń kó ipa tí ó pọ̀ jù nínú èyí, àwọn mìíràn sì ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ìmọ̀ yìí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀

Àǹfààní mímọ ọ̀nà mẹ́rin tí a kà sókè hàn gbangba nígbà tí a bá bi ara wa ní ìbéèrè yìí: ṣé kí àgbẹ̀ fín oògùn apakòkòrò?

Bí fáírọ́ọ̀sì bá jẹ́ èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ẹnu, oògùn kò lè yá tó o. Kí oògùn tó pa áfíìdì, ó ti tọ́ ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, ó sì ti fi àrùn sílẹ̀. Oògùn mìíràn tilẹ̀ lè da kòkòrò láàmú, kí ó máa fò láti igi sí igi, kí àrùn sì tàn ju ti ìṣáájú lọ. Bí ó bá sì jẹ́ irú àrùn onílà, tí kòkòrò gbọ́dọ̀ jókòó mu oje fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó ràn án, oògùn tí a fi ra hóró lára kí a tó gbìn ín lè dín ìpalára kù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí àgbàdo nílò ààbò jù lọ. Síbẹ̀, bí kòkòrò tí ó ti ru ẹrù bá ń wọlé láti ìta lójoojúmọ́, oògùn nìkan kò lè borí wọn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó gbẹ́kẹ̀lé jù. Èkínní ni irúgbìn tí ó lè fara da àrùn onílà. Kò náni ní iṣẹ́ kún iṣẹ́, kò sì pa ohun mìíràn lára. Èkejì ni àkókò. Kí àgbẹ̀ àdúgbò kan gbìn ní àsìkò kan náà, kí wọ́n sì tètè gbìn, kí àgbàdo wọn lè ti dàgbà kí kòkòrò tó pọ̀. Ẹni tí ó gbìn lẹ́yìn gbogbo ènìyàn ni gbogbo kòkòrò àdúgbò yóò sá tọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ààyè. Kò dára kí àgbàdo tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ àgbàdo tí ó ti ń gbẹ tàbí ẹ̀gbẹ́ koríko tí ó gbilẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ewéko kankan lórí, tí ó fẹ̀ tó bíi mítà 10, lè dín iye kòkòrò tí yóò rékọjá kù, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í fò jìnnà bí wọ́n bá rí oúnjẹ nítòsí.

Fífa igi aláìsàn tu wúlò nígbà tí wọn kò bá tíì ju díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú koríko ẹ̀bá oko ni kòkòrò ti ń wá, fífa igi tu nínú oko nìkan dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi inú ilé láì dí òrùlé tí ń jò.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ àrùn onílà kọ́ ni pé kì í ṣe ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni ó máa ń jẹ̀bi. Fuller rí ewé aláìsàn, ó bá ilẹ̀ wí. Ẹni tí ó wá tẹ̀ lé kòkòrò lẹ́yìn, tí ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá àti wákàtí, ni ó rí òtítọ́. Ìkà àkókò yẹn ni àwọn onímọ̀ Ìbàdàn gùn lé kí wọ́n tó rí irúgbìn tí ó ń bọ́ ilé àgbẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ náà kò tíì tán. Ní ọdún 2011, àrùn mìíràn tí ń pa àgbàdo kú pátápátá bẹ́ sílẹ̀ ní Kenya. Fáírọ́ọ̀sì méjì ni ó pawọ́ pọ̀ fà á: ọ̀kan ni fáírọ́ọ̀sì àbàwọ́n tí áfíìdì ń gbé sí ṣóńṣó ẹnu, èkejì ní àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé e, ó sì lè gba inú hóró kọjá. Àgbàdo tí ó lè fara da àrùn onílà kò rí ti àrùn yìí ṣe. Ìbéèrè tí Storey béèrè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ẹni tí yóò wá ojútùú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún béèrè nípa fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: kòkòrò wo ni ó ń gbé e, ibo ni ó ń gbé e sí, yóò sì ti pẹ́ tó lára rẹ̀?